Bí ímeèlì àjọ yín ṣe máa dé inbox, tí kò ní máa há sínú spam

Obìnrin kan wà tó ti ń dáwó fún àjọ kékeré kan tí mo máa ń bá mójú tó ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wọn, oṣooṣù ló ń san tiẹ̀, kò yẹ̀ ẹ́ rí. Lọ́jọ́ kan ó pe ọ́fíìsì, ó ní ṣé ẹ ti kógbá wọlé ni, òun ò gbúròó yín mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá gan-an torí kò sí oṣù kan tá ò kọ lẹ́tà sí i. A ní kó wo spam rẹ̀, ìyẹn àpótí tí wọ́n ń da lẹ́tà tí wọ́n bá fura sí sí, ló bá rí ẹyọ kan ṣoṣo níbẹ̀, ti oṣù yẹn, àwọn tó kù ti lọ, torí Gmail máa ń pa ohunkóhun tó bá ti lo ọjọ́ 30 nínú spam rẹ́ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ṣì pè o. Àwọn tí ò pè ńkọ́, àwọn tó kàn gbà pé a ti gba owó wọn tán a sì ti gbàgbé wọn?

Ohun tí gbogbo wa kọ́kọ́ ṣe ni pé a bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà padà. A yọ "ọ̀fẹ́" kúrò, a yọ àmì ìyanu, a dín àwòrán kù, síbẹ̀ kò sí ìyàtọ̀, torí ibẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ wà. Server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà ní Gmail tàbí Outlook tàbí Yahoo, ohun méjì ló ń dà á láàmú ju ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ lọ: ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀yin lẹ fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, àti pé àwọn tó ti ń gbà á tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n ń fi í ṣe, ṣé wọ́n ń ṣí i ni àbí wọ́n ń tẹ "Report spam". Èyí àkọ́kọ́, ẹ lè yanjú ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Èkejì ni iṣẹ́ tí kì í tán.

Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé?

Ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan o. Domain yín, ìyẹn orúkọ tó wà lẹ́yìn @ nínú àdírẹ́sì yín, ibì kan ni wọ́n ti rà á, ibì kan sì wà tí wọ́n ti ń ṣètò DNS rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń júwe ibi tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì àti ímeèlì yín wà fún gbogbo ayé, ó lè jẹ́ ibì kan náà, ó lè má jẹ́. Nínú àjọ, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé volunteer kan ló bá wa ṣe é lọ́dún kan, ímeèlì ara rẹ̀ ló fi forúkọ sílẹ̀, ó ti ríṣẹ́ síbòmíì, kò sì sẹ́ni tó mọ password mọ́. Ẹ wá ẹni yẹn nígbà tí àárín yín ṣì dáa. Ẹ gbé àkáǹtì náà sórí àdírẹ́sì àjọ, kí èèyàn méjì ó kéré tán lè wọlé síbẹ̀, ẹ tan two-factor, ìyẹn ẹ̀rí kejì tí wọ́n á máa béèrè lẹ́yìn password, kẹ́ ẹ sì wo ọjọ́ tí domain máa parí torí tó bá parí tẹ́ ẹ ò sanwó, ímeèlì àti wẹ́ẹ̀bùsáìtì ló máa jọ lọ.

Ibi tí tiwa ti bàjẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá wa tún wẹ́ẹ̀bùsáìtì ṣe gbé DNS lọ síbòmíràn, ó kó èyí tó jẹ́ ti wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ó kó ti ímeèlì ọ́fíìsì, kò mọ̀ pé àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti newsletter, ìyẹn lẹ́tà oṣooṣù wa. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì ń ṣí dáadáa, lẹ́tà ọ́fíìsì ń wọlé ó ń jáde, kò sẹ́ni tó fura pé lẹ́tà oṣooṣù ti ń há sínú spam. Torí náà kẹ́ni kẹ́ni tó fọwọ́ kan DNS yín, ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán gbogbo record, ìyẹn ìlà kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi tẹ́ ẹ ti lè rí i.

Tẹ́ ẹ bá sì ṣì ń fi àdírẹ́sì @gmail.com tàbí @yahoo.com kọ lẹ́tà àjọ látinú platform newsletter, ìyẹn ibi tó ń bá yín fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dáwọ́ dúró. Láti oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Yahoo ti kéde fún àwọn server ayé pé lẹ́tà tó bá jẹ́ @yahoo.com tí kò sì ti ọ̀dọ̀ àwọn jáde, kí wọ́n dá a padà. Ẹ ra domain tiyín. Bákan náà, kí volunteer máa kó 400 èèyàn sínú BCC, ibi tí ẹnì kan ò ti ní rí àdírẹ́sì ẹnì kejì, látorí Gmail lásán, kò dáa, Gmail ọ̀fẹ́ ò gbà ju èèyàn 500 lọ lóòjọ́, tẹ́ ẹ bá kọjá ẹ̀ wọ́n lè tì yín mọ́ta fún wákàtí mélòó kan, kò sì sí ọ̀nà tí ẹni tí ò fẹ́ mọ́ lè gbà bọ́ sílẹ̀ ju kó tẹ spam lọ.

Record mẹ́ta tó ń sọ pé ẹ̀yin ni

Ẹ mú ìwé, ẹ kọ gbogbo ibi tó ń fi orúkọ yín kọ lẹ́tà sílẹ̀. Kì í ṣe newsletter nìkan o. Fọ́ọ̀mù orí wẹ́ẹ̀bùsáìtì wà níbẹ̀, ibi tó ń fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí ẹni tó dáwó wà níbẹ̀, ibi tẹ́ ẹ ti ń forúkọ àwọn tó fẹ́ wá sí ètò sílẹ̀, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Mi ò tíì rí àjọ kan tí list yìí ò ju ohun tí wọ́n rò lọ.

SPF ni àkọ́kọ́. Ẹ fi wé ìwé tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé àwọn wọ̀nyí nìkan ló lè wá jíṣẹ́ lórúkọ wa. Ìlà kan ṣoṣo ni nínú DNS, TXT record, ó máa ń rí báyìí:

v=spf1 include:_spf.google.com include:newsletter.example ~all

Àṣìṣe tí mo máa ń bá níbẹ̀ jù ni pé wọ́n á ní ìlà SPF méjì, ẹni tó ṣètò newsletter fi tiẹ̀ sí i láì wo èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Méjì ò gbọdọ̀ wà, tó bá ti di méjì server á ka gbogbo ẹ̀ sí àṣìṣe, ẹ pa wọ́n pọ̀ sójú ìlà kan. Ekejì, SPF ò gbà kí server wá ohun tó lé ní 10 káàkiri DNS torí ìlà yín, include kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ lára 10 yẹn, include míì tún ní include nínú, torí náà ibi tẹ́ ẹ ò lò mọ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ yọ ọ́.

DKIM ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èdìdì ni. Ibi tó ń fi lẹ́tà yín ránṣẹ́ máa fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí lẹ èdìdì mọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin á fi kọ́kọ́rọ́ gbangba sínú DNS kí ẹni tó gbà á lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀yin ni àti bóyá ẹnikẹ́ni ti yí ohun tó wà nínú ẹ̀ padà lójú ọ̀nà. Ẹ ò ní kọ ọ́ fúnra yín, platform yín ló máa fún yín ní ohun tẹ́ ẹ máa lẹ̀ mọ́ DNS, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yan 1024 tàbí 2048, ẹ mú 2048. Ibì kọ̀ọ̀kan ló ní èdìdì tiẹ̀, torí náà newsletter á ní tiẹ̀, rìsíìtì á ní tiẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé SPF máa ń bàjẹ́ tí wọ́n bá forward lẹ́tà, àìmọye àwọn tó ń ṣètìlẹ́yìn fún àjọ ló sì ń lo àdírẹ́sì ilé ẹ̀kọ́ tàbí ibi iṣẹ́ tó kàn ń darí lẹ́tà lọ sí Gmail wọn. Èdìdì DKIM kì í bàjẹ́ níbẹ̀ tí ẹni tó wà láàárín ò bá ti fọwọ́ kan lẹ́tà.

DMARC ló so méjèèjì pọ̀ mọ́ orúkọ tí èèyàn ń rí lójú lẹ́tà. Torí ẹ̀yin ẹ wò ó, SPF ò wo "From" tí olùkà ń rí, àdírẹ́sì ẹ̀yìn ló ń wò, ìyẹn ibi tí lẹ́tà máa padà sí tí kò bá dé. Ọlọ́ṣà lè ní SPF tirẹ̀ tó pé pérépéré kó sì kọ orúkọ yín síwájú. DMARC á ní ó kéré tán kí ọ̀kan nínú SPF àti DKIM yege, kí domain tó fi yege sì bá ti From mu. Orí _dmarc.example.org lẹ máa fi í sí, ẹ fi domain tiyín rọ́pò:

v=DMARC1; p=none; rua=mailto:dmarc@example.org

p=none túmọ̀ sí pé ẹ má tíì ṣe nǹkan kan, ẹ kàn máa ròyìn fún mi. Ìròyìn náà á máa wọlé lójoojúmọ́ ní XML, kò ṣeé fojú kà, ẹ wá irinṣẹ́ tó ń tò ó, ọ̀fẹ́ wà nínú wọn. Ẹ wò ó fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí platform tẹ́ ẹ gbàgbé. Nígbà tí gbogbo ohun tó jẹ́ tiyín bá ti ń yege, ẹ gbé e lọ sí p=quarantine, ìyẹn ni pé kí wọ́n ju èyí tí ò bá yege sínú spam, lẹ́yìn náà p=reject, kí wọ́n dá a padà pátápátá. Ẹ má dúró sórí none títí ayé, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ yín. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá fi orúkọ ẹ̀ lu jìbìtì lè pàdánù owó, ṣùgbọ́n àjọ tí ẹnìkan fi orúkọ ẹ̀ bẹ̀bẹ̀ owó lẹ́yìn àkúnya omi tàbí ìmìtìtì ilẹ̀, tí àwọn èèyàn dáwó tí owó ò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jìyà, ta ló tún máa gbà á gbọ́?

Tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, ẹ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí Gmail ara yín láti ibi kọ̀ọ̀kan tó wà lórí ìwé yín yẹn, orí kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ ti ṣí i, ẹ tẹ àmì tó dà bí ìdánudúró mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún, ẹ mú "Show original". SPF, DKIM, DMARC, PASS ló gbọ́dọ̀ wà níwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ tún wò ó bóyá domain yín ni wọ́n kọ síwájú DKIM, torí ó lè jẹ́ PASS kó jẹ́ domain platform ló ń yege, ìyẹn ò ṣe yín láǹfààní níbi DMARC.

Òfin tó jáde lọ́dún 2024

Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí di dandan fún ẹni tó bá ń kọ lẹ́tà púpọ̀, ti Google jẹ́ 5,000 lóòjọ́ sí àwọn Gmail, Microsoft náà tẹ̀ lé wọn ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 fún Outlook àti Hotmail. Wọn ò béèrè bóyá èrè lẹ ń wá tàbí àánú lẹ ń ṣe. Mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àjọ á ní àwọn ò tó 5,000. Ẹ dúró ná. Google sọ pé ẹni tó bá ti dé iye yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti di ẹni tó ń kọ púpọ̀ títí láé, wọ́n sì máa ń ka gbogbo subdomain yín, ìyẹn àwọn orúkọ tẹ́ ẹ ṣẹ̀dá lábẹ́ domain yín, pọ̀ mọ́ra. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ìparí ọdún sí gbogbo èèyàn nìkan ti tó. Ẹni tó kéré náà sì gbọ́dọ̀ ní SPF tàbí DKIM, kò sẹ́ni tó bọ́.

Ohun méjì míì wà nínú òfin yẹn. Ọ̀kan ni bọ́tìnnì unsubscribe, ti ẹni tí ò fẹ́ gba lẹ́tà mọ́, tí èèyàn máa tẹ lẹ́ẹ̀kan tó máa parí síbẹ̀, kì í ṣe pé kó wọlé pẹ̀lú password tàbí kó dáhùn ìbéèrè márùn-ún. Nínú orí lẹ́tà tí olùkà kì í rí ló ń wà, List-Unsubscribe àti List-Unsubscribe-Post, platform tó mọṣẹ́ á ti fi sí i fún yín, ọjọ́ méjì ni wọ́n sì fún yín láti yọ orúkọ náà. Mo ti rí àjọ tó fi àwọ̀ eérú tẹ́ẹ́rẹ́ kọ unsubscribe sísàlẹ̀ pátápátá torí wọn ò fẹ́ káwọn èèyàn lọ. Ẹni tó fẹ́ lọ tí ò rí ilẹ̀kùn, spam ló máa tẹ̀. Ẹni tó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ò ba yín jẹ́, ẹni tó tẹ spam ti jẹ́rìí ta kò yín lójú Gmail. Èkejì ni ìwọ̀n ẹ̀sùn yẹn, ìyẹn àwọn tó ń tẹ spam, kò gbọdọ̀ dé 0.3%, ìyẹn èèyàn mẹ́ta nínú 1,000, Google fẹ́ kẹ́ ẹ wà lábẹ́ 0.1%. Ẹ forúkọ domain yín sílẹ̀ lórí Google Postmaster Tools, ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ lẹ ti máa rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí lẹ́tà yín bá kéré jù, ó lè má fi nǹkan kan hàn.

Ọ̀rọ̀ list

Ibí ló máa ń dun àjọ jù. Mo ti rí list tí wọ́n kó jọ fún ọdún 10, orúkọ tí wọ́n fi bírò kọ sórí ìwé níbi ìpàdé tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ò mọ̀ bóyá "a" ni tàbí "o", gbogbo contact inú fóònù ọmọ ìgbìmọ̀ kan, èyí tí àjọ ẹlẹgbẹ́ fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹni tí ò fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ẹ kọ sí òun, ẹ má kọ sí i. List tí wọ́n ń tà, ẹ má rà á, kò sí ẹyọ kan tó dáa nínú wọn.

Irú list bẹ́ẹ̀ ni spam trap máa ń sá pamọ́ sí. Àdírẹ́sì ni, kò sẹ́ni tó ń lò ó, wọ́n dá a sílẹ̀ tàbí kí wọ́n jí èyí tí ẹni tó ni ín ti pa tì dìde, kí wọ́n lè fi mú ẹni tó ń kọ̀wé láìgbàṣẹ. Spamhaus, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn tó ń kọ spam, tó ti wà láti ọdún 1998, ń lò ó, server káàkiri ayé ló sì ń wo blocklist wọn, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n fura sí, kí wọ́n tó gba lẹ́tà. Láti oṣù kejìlá ọdún 2023 ni Google náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àkáǹtì tí wọn ò lò fún ọdún méjì rẹ́, torí náà list tẹ́ ẹ ò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ yìí, àwọn òkú wà nínú ẹ̀.

Àdírẹ́sì tó bá bounce, tí lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ sí i padà sọ́dọ̀ yín, pẹ̀lú nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni náà ò sí, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4, fún ìgbà díẹ̀ ni, bóyá àpótí kún tàbí wọ́n ní kẹ́ ẹ rọra, platform á tún gbìyànjú. Ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ síwájú nọ́ńbà yẹn, torí 5 míì ń sọ pé ẹ̀yin gan-an ni wọn ò fẹ́, kì í ṣe pé ẹni náà ò sí.

Àwọn tí kì í dáhùn ńkọ́? Ní oṣù mẹ́fà sí ọdún kan tẹ́ ò rí ìró ẹnìkan, ẹ kọ lẹ́tà ṣókí kan sí i, ẹ bi í pé ṣé ó ṣì fẹ́ máa gbọ́ látọ̀dọ̀ yín, tí kò bá dáhùn ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ má fi "open" nìkan wọ̀n ọ́n o, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni Apple ti ń ṣí àwòrán inú lẹ́tà fúnra ẹ̀ lẹ́yìn olùkà tó gbà kó máa dáàbò bo òun, torí náà platform á ní ẹni yẹn ṣí i nígbà tí kò rí i. Ẹni tó tẹ líǹkì, ẹni tó fèsì, ẹni tó dáwó, ìyẹn ni kẹ́ ẹ máa kà. Kẹ́ ẹ tó gé ẹnikẹ́ni, ẹ bá akọ̀wé owó sọ̀rọ̀, torí àwọn àgbàlagbà kan wà tí wọn kì í tẹ líǹkì rárá, báǹkì ni wọ́n ń gbà sanwó, wọ́n sì ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Irú wọn lẹ ò gbọdọ̀ yọ.

Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ orí wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ẹ jẹ́ kó máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé "tẹ ibí kó o fi hàn pé ìwọ ni" kí orúkọ tó wọ list, kẹ́ ẹ sì fi captcha sí i, ìyẹn ìdánwò kékeré tó ń fi hàn pé èèyàn ni. Bot, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí èèyàn, máa ń rọ́ àdírẹ́sì àwọn ẹni ẹlẹ́ni síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa jẹ̀bi ẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe ń kọ ọ́

Àjọ tó dákẹ́ fún oṣù mọ́kànlá tó wá kọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ́jọ́ kan, bí olè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já àkáǹtì gbà ló rí lójú server. Ẹ jẹ́ kó máa lọ déédéé, lẹ́ẹ̀kan lóṣù ó kéré tán. Tí domain bá jẹ́ tuntun tàbí ẹ pààrọ̀ platform, àwọn tó dáhùn láìpẹ́ yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sí, kẹ́ ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ ya rìsíìtì sọ́tọ̀ kúrò lára newsletter, kí newsletter máa ti news.example.org jáde, kí rìsíìtì ní subdomain tiẹ̀, kí ẹ̀sùn tó bá kan newsletter má fi bẹ́ẹ̀ ran rìsíìtì.

Ní ti ohun tó wà nínú ẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má fi àwòrán kan ṣoṣo ṣe gbogbo lẹ́tà. Ẹ má fi líǹkì tí wọ́n gé kúrú ránṣẹ́, àwọn oníjìbìtì ti ba orúkọ wọn jẹ́. Ìròyìn ọdún tó jẹ́ PDF ńlá, orí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ni kó wà. HTML tó bá ju 102KB lọ, Gmail á gé e, unsubscribe tó wà nísàlẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ pòórá. Ẹ má lo noreply, àdírẹ́sì tí kì í gba èsì, ẹ fi àdírẹ́sì tí èèyàn ń kà, èsì tí olùkà bá kọ wà lára ohun tó ń fi hàn pé ó mọ̀ yín. Tí lẹ́tà bá wọ Promotions, abala ìpolówó ní Gmail, ẹ fọkàn balẹ̀, inú inbox náà ló ṣì wà.

Tó bá ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, bíi tiwa, ẹ tún ohun tó fà á ṣe ná. Ẹ wo domain yín lórí ojúlé Spamhaus, tí orúkọ yín bá wà níbẹ̀ ẹ má bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́ títí ẹ óò fi fọ list, torí ó máa padà síbẹ̀ ni. A dá record padà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n a ò kọ sí gbogbo èèyàn. Àwọn tó fèsì tàbí tó dáwó láàárín oṣù méjì tó kọjá la kọ́kọ́ kọ sí, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ a fi àwọn tó fèsì tàbí tó dáwó láàárín oṣù mẹ́fà kún un, ó gbà wá ju oṣù kan lọ kí Postmaster Tools tó bẹ̀rẹ̀ sí í dára. A tún pín orúkọ àwọn tó ń dáwó fún ara wa, a ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wo spam, kí wọ́n tẹ "Not spam", kí wọ́n fi àdírẹ́sì wa sínú contact. Obìnrin yẹn la kọ́kọ́ pè, kí lẹ́tà ẹyọ kan tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó pé ọjọ́ 30.